Ìwé Bàbá Yaba Tí Wọ́n Pín Bí Aṣọ

Sùúrùlérè,
Ọjọ́ Ajé.

Mojísọ́lá, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Jókòó kí o tó ka lẹ́tà yìí. Bí o bá wà lórí ìdúró, fa àga. Bí ẹnikẹ́ni bá wà lọ́dọ̀ rẹ, sọ fún un pé ìyá rẹ ń bá ọ sọ̀rọ̀, kó fún wa láyè. Mo lè wọ bọ́ọ̀sì wá bá ọ ní Yaba, kò kúkú jìnnà, ṣùgbọ́n mo mọ ara mi. Bí mo bá rí ojú rẹ báyìí, tí mi ò bá sunkún, màá fọ́ ọ létí, kò sì yẹ kí wọ́n rí èyíkéyìí nínú méjèèjì nínú ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó sì jọ pé ìwé nìkan lẹ ń bọ̀wọ̀ fún níbẹ̀. Ó dáa, ìwé náà rèé.

Ara wa le. Bàbá rẹ kí ọ. Wọ́n ní kí n má kọ ọ́ le jù.

Háà, Mojí! Ojú mi rí nǹkan lánàá. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mi ò tíì tú gèlè, ni mo gbọ́ tí ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn. Bàbá Ìwáyà ni. Bàbá Ìwáyà, ẹ̀gbọ́n mi àgbà, olórí ẹbí wa, tí orúnkún ń dà láàmú, tí kì í kúrò nídìí pákó tí wọ́n ń tà bí kò bá ṣe òkú tàbí ìgbéyàwó! Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n tún fẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn ọ̀sán wá sílé mi. Mo ní kí wọ́n jókòó, wọn ò jókòó. Mo bu omi, wọn ò gbà á.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú oòrùn o, Ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé kò sí?"

Wọ́n ní, "Ó wà. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá. Ọmọ ta ni Mojísọ́lá?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé wọ́n ń bá mi ṣàwàdà ni. Mo ní, "Ọmọ yín ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ọmọ tèmi kọ́. Ọmọ tèmi kì í wọ bàtà gogoro wọ yàrá mi, kó dúró lé mi lórí nígbà tí mo ń jẹun, kó máa ka gẹ̀ẹ́sì fún mi títí ẹ̀bà mi fi tutù. Ó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ló rán òun. Ó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ni ìwé àbúrò mi. Mo wá bi yín ni: ṣé ẹ ti fi ọmọ náà tọrẹ fún kọ́lẹ́ẹ̀jì ni? Kí n kàn mọ bí n ó ṣe máa kí i."

Mojísọ́lá! Ìwọ! Ọmọ tí mo kọ́ ní ìkúnlẹ̀ kí n tó kọ́ ọ ní A, B, D! O mú méńsénjà kọ́lẹ́ẹ̀jì dání pẹ̀lú, ọkùnrin tó wọ kákí, bí ẹni pé ọlọ́pàá lo kó lọ bá wọn. Mo dọ̀bálẹ̀, èmi obìnrin, mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mò ń ṣe mọ́. Wọ́n ní kí n dìde, pé èmi kọ́ ni mo ṣẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu géètì, wọ́n bojú wẹ̀yìn, wọ́n ní, "Sọ fún un kó wá mú ìwé tó bá fẹ́. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ sọ fún mi ọmọ ẹni tó jẹ́." Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dún létí mi.

Jẹ́ kí n tò ó bó ṣe tẹ̀lé ara wọn, nítorí apá kan nínú rẹ̀ kò lè tíì yé ọ. Bọ̀dá mi, ọmọ ìyá mi, tí ẹ̀yin ọmọ ń pè ní Bàbá Yaba, ni pírínsípà kọ́lẹ́ẹ̀jì yín kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọn ò bímọ. Nígbà tí wọ́n kú, kọ́lẹ́ẹ̀jì ní àwọn fẹ́ kó gbogbo ohun tí Bọ̀dá kọ sílẹ̀ sínú yàrá kan, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa rí i kà, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. O sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ni, pé àpótí ìwé wọn wà nílé, pé ìwọ lo máa kó o wá. Wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́. Ọjọ́ tí lẹ́tà yẹn dé, o jó débi tí o fi fẹsẹ̀ gbá ẹ̀rọ ìránṣọ mi, òwú já. Mi ò bá ọ wí. Mo mọ ohun tí iṣẹ́ yìí jẹ́ fún ọ. Mo sì mọ̀ pé wọ́n ti kìlọ̀ fún ọ pé bí àpótí kò bá tíì dé nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá wọlé, àwọn á wá ẹlòmíì. Ìyẹn ló ń lé ọ eré. Ó yé mi, àmọ́ kò ní kí n má bínú.

Ohun tí èmi àti ìwọ ò mọ̀ ni pé àwọn àpótí náà ti ṣófo.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ pín ogún Bọ̀dá, mo wà ní Abẹ́òkúta, mò ń wẹ ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ bí. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi. Mo ní kí wọ́n máa pín in lọ, kí wọ́n ṣáà bá mi mú aṣọ òkè kan tí n ó fi máa rántí Bọ̀dá. Aṣọ ni mo ní lọ́kàn, àti fìlà, àti aago, àti àga. Ta ló máa ro ìwé mọ́ ogún? Lọ́jọ́ Ẹtì tí mo dé, mo bá ìpín mi lórí bẹ́ẹ̀dì: aṣọ òkè tí mo bèèrè, àti àpò ìrọ̀rí kan tó kún fún pépà. Mo fa ewé kan yọ. Ìparí rẹ̀ kà pé, "Nígbà tí wọ́n bá ti di ojú ọmọ náà tán, kí àwọn yòókù sáré lọ." Mo ṣí èyí tó tẹ̀lé e kí n mọ ibi tí wọ́n sá lọ. Ìyẹn bẹ̀rẹ̀ pé, "ni yóò sì fọ àwo náà." Mo tún ṣí òmíràn. Orin ni, kò ní ìbẹ̀rẹ̀. Mo wá wo nọ́ńbà tó wà lórí wọn. Kejì. Karùn-ún. Kẹjọ.

Yéè! Mo ké débi pé bàbá rẹ sáré jáde ní bálùwẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lójú.

"Ta ló ṣe irú èyí?"

"Ẹbí yín ni," bàbá rẹ dáhùn. "Wọ́n ní ìpín tìrẹ nìyẹn. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé kò sí ìrẹ́jẹ níbẹ̀."

Ní Sátidé, kí oòrùn tó mú, mo ti wà ní Tejúoṣó, ní ìsọ̀ aṣọ Àǹtí Ràbí. O mọ̀ pé ìyàwó mẹ́ta ni bàbá wa fẹ́. Ìyá Bàbá Ìwáyà ni ìyáálé, ìyá tèmi àti ti Bọ̀dá ló tẹ̀lé e, ìyá Àǹtí Ràbí ti Mushin sì ni ìyàwó kékeré. Ìdí-igi mẹ́ta nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni wọ́n ṣe ń pín ogún nílé wa, ìyá kọ̀ọ̀kan fún àwọn ọmọ rẹ̀. Mi ò tiẹ̀ kí wọn dáadáa. Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ṣe sí ìwé Bọ̀dá?"

Inú wọn dùn pé mo bèèrè! Wọ́n ní, "A pín in ni. Bàbá Ìwáyà pín in bó ṣe yẹ kí wọ́n pín nǹkan. Wọ́n wẹ ọwọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n jókòó. Ewé kan síbí, ewé kan sọ́hùn-ún, ewé kan fún tiwa. Kò sí ìdí-igi tó fi ewé kan ju èkejì lọ. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló ní olódodo ni wọ́n."

"Gbogbo ìwé náà ni?"

"Gbogbo rẹ̀ pátá. Wá wo tèmi ná!"

Mojí, Àǹtí Ràbí ti fi gíláàsì sí tiwọn! Wọ́n ti gbé e fún káfíńtà, ó ti bá wọn kan férémù sí díẹ̀ nínú rẹ̀, ó tún kùn ún ní fáńìṣì. Wọ́n ní pálọ̀ àwọn ní Mushin ni àwọn fẹ́ gbé e kọ́, lábẹ́ aago, kí àlejò tó bá wọlé mọ irú ẹbí tí òun wà lọ́dọ̀ wọn. Mo wo inú gíláàsì. Eré bojúbojú ni wọ́n kọ síbẹ̀, àárín rẹ̀ nìkan. Mo káwọ́ lérí láàárín ọjà. Obìnrin tó ń ta abọ́ ní òdìkejì bi mí bóyá wọ́n tún sọ òkú fún mi ni.

Mo ní lọ́kàn láti kọ̀wé sí ọ lọ́jọ́ náà kí o má tíì lọ síbi kankan. Mi ò mọ̀ pé bí mo ṣe wà ní Tejúoṣó yẹn, ìwọ ti wà ní Ìwáyà, tí o ń dúró lé àgbàlagbà lórí.

Ó dáa. Mo ti pariwo tó. Gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ.

Èkíní, má ṣe gbé orúkọ ibi iṣẹ́ rẹ ṣáájú àwọn tó bí ọ. Mo ti ṣe irú rẹ̀ rí, mo sì jẹ ìyà rẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di tíṣà ìránṣọ ní ilé-ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n rán mi sí ìyá àgbàlagbà kan ní Èbúté-Mẹ́ta tó ń ṣe iṣẹ́ ọnà sára aṣọ, pé kí n gba aṣọ pẹpẹ wá. Mo wọ síkẹ́ẹ̀tì tuntun, mo na ọrùn bíi lékeléke, mo ní, "Ṣọ́ọ̀ṣì ní kí ẹ kó aṣọ wá." Màmá yẹn wò mí tòkètilẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé o ti jẹun?" Wọ́n gbé oúnjẹ fún mi. Nígbà tí mo jẹun tán, wọ́n ní, "Ṣọ́ọ̀ṣì, bá mi pọn omi." Mo pọnmi. "Ṣọ́ọ̀ṣì, bá mi gbálẹ̀." Mo gbá àgbàlá títí dé ìdí kànga. "Ṣọ́ọ̀ṣì, ògiri yẹn ń fẹ́ àtúnṣe, ìgbà wo lo máa tún un ṣe?" Omi ti ń bọ́ lójú mi. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó bi mí léèrè pé, "Ó dáa, ta tiẹ̀ ni ọ́?" Mo dárúkọ bàbá mi. Wọ́n pariwo, "Ọmọ rẹ̀ ni ọ́? Kí ló dé tí o ò ti sọ látàárọ̀?" Wọ́n fa aṣọ náà yọ lẹ́yìn àga. Wọ́n ti dì í sílẹ̀ kí n tó dé. Láti ọjọ́ náà, ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́, kí n tó sọ ẹni tó rán mi.

Èkejì, má bá wọn rẹ́rìn-ín ní ọ́fíìsì yín. Mo mọ̀ yín, ẹ̀yin ọmọ tó jẹ́ pé gẹ̀ẹ́sì lẹ fi ń rẹ́rìn-ín. Ẹ máa ní, "Ẹ gbọ́ ohun tí àwọn ará oko ṣe." Èmi náà pariwo, àmọ́ èmi ni ọmọ inú ilé náà, mo lẹ́tọ̀ọ́ láti pariwo. Ṣé o mọ bí Bàbá Yaba ṣe kàwé? Bàbá Ìwáyà ló fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní kékeré, wọ́n lọ ń ru pákó ní Makoko kí àbúrò wọn lè máa kàwé lọ. Àpá rẹ̀ ṣì wà léjìká wọn, ní kí wọ́n ṣí i hàn ọ́. Ìyá Àǹtí Ràbí ń yan ẹja, èéfín fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ojú wọn. Ìyá tèmi ń ta ọṣẹ. Ìdí-igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló rán ọmọ kan ṣoṣo lọ sí ilé-ìwé. Nígbà tí mo bi Bàbá Ìwáyà lánàá pé kí ló dé tí wọ́n fi pín in bẹ́ẹ̀, wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu. Wọ́n ní, "Ìwé la rán an lọ kà. Ìwé ló mú bọ̀. Aṣọ rẹ̀ á gbó, bàtà rẹ̀ á já. Ṣé kí n wá kó ìwé fún ìdí-igi kan, kí ìdí-igi méjì lọ lọ́wọ́ òfo? Kí ni mo máa sọ fún ìyá Ràbí lọ́run?"

Ewé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi sábẹ́ ìrọ̀rí àwọn ọmọ-ọmọ wọn, kí orí Bàbá Yaba lè ran àwọn náà. Wọ́n ní láti ìgbà náà ni Kàmọ́rù nínú àwọn ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìṣirò. Kàmọ́rù! Wọ́n ṣì í, Mojí, wọ́n ṣì í gan-an, orí ṣì ń fọ́ mi nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fi ìwé yẹn di ẹ̀pà. Ẹni tó bá wẹ ọwọ́ kó tó fọwọ́ kan ìwé rẹ, kì í ṣe ẹni tí wàá máa fojú tẹ́ńbẹ́lú.

Ìkẹta ni ohun tí wàá ṣe. Kọ́kọ́ lọ bá pírínsípà tuntun yín, sọ òótọ́ fún un pé o ti ṣèlérí ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ. Kó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Lẹ́yìn náà, lọ bá Àǹtí Ràbí ní ìsọ̀. Yin férémù wọn, nítorí ó dára lóòótọ́, kí o bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mú ọ lọ sí Ìwáyà. Bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Má mú méńsénjà dání, má mú lẹ́tà dání. Ra bisikíìtì fún àwọn ọmọ. Bí Bàbá Ìwáyà bá bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́, má dárúkọ mi o! Sọ pé ọmọ wọn ni ọ́, kí o wà lórí ìkúnlẹ̀, kí o dákẹ́. Wọ́n lè jẹun tán kí wọ́n tó dá ọ lóhùn. Fara dà á. Àgbà tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá fẹjọ́ sùn kò tíì kọ ọmọ sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá gbà ọ́ tán, má bèèrè ìpín ẹnikẹ́ni. Bẹ̀ wọ́n pé kí ìdí-igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbé tiwọn wá síbì kan, kí ẹ tò ó pọ̀, kí o kà á sí wọn létí. Wọn ò kúkú tíì mọ ohun tó wà níbẹ̀! Ta ló lè mọ̀ ọ́n? Bàbá Ìwáyà ló ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, èmi ni mo ní àwọn ọmọ tó sáré lọ, ibi tí wọ́n sá pamọ́ sí wà nínú gíláàsì ní Tejúoṣó. Lẹ́yìn ìyẹn, bẹ àwọn tó ń tẹ táìpù ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yín, kí wọ́n tẹ odidi rẹ̀ fún ìdí-igi kọ̀ọ̀kan. Odidi ni wọ́n máa gbé lọ sílé dípò àjákù. Bàbá Ìwáyà ò ní kọ ìyẹn, nítorí ìpín tó dọ́gba ṣì ni.

Mo ti fẹ́ dákẹ́ síbẹ̀. Àmọ́ èyí tó kù yìí gan-an ni ẹ̀rù ń bà mí láti kọ.

Nígbà tí Bàbá Ìwáyà lọ tán, mi ò lè jókòó. Mo gbé àpò ìrọ̀rí mi, mo lọ sí ilé Bọ̀dá ní Yaba, lọ́dọ̀ Ìyàwó. Ìyàwó Bọ̀dá ni mò ń wí. Ìyàwó ni gbogbo wa ń pè é látìgbà tó ti wọlé wá. Òun náà ló ń pè mí ní Òpẹ́lẹ́ńgẹ́, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, mo sì tẹ́ẹ́rẹ́ nígbà náà. Títí dòní tí mo ti tóbi bí àgbá, Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ náà ni. Mo bá a lórí ẹní nínú aṣọ dúdú. Mo ní mo wá bẹ̀ ẹ́ ni, pé ẹbí mi ti ba iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ jẹ́. Mo da pépà náà sílẹ̀ kó rí i.

Ó mú ewé kan, ó fi etí aṣọ nù ún. Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì rí ẹ̀rín rẹ̀ látìgbà ìsìnkú.

Ó ní, "Ẹ wo bí ọwọ́ mi ṣe ń gbọ̀n níbí. Ibà ń ṣe mí lọ́jọ́ yẹn."

Mo ní, "Kí lo wí?"

"Òpẹ́lẹ́ńgẹ́, ṣé ẹ ò mọ̀ ni? Ojú Bọ̀dá yín ti ń ṣú kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Wọ́n á máa sọ, èmi á máa kọ. Nígbà tó yá, èmi náà ni mò ń sọ, tí mo tún ń kọ, wọ́n á máa gbọ́. Eré ọmọdé wo ni Bọ̀dá yín mọ̀? Látìgbà tí wọ́n ti wà ní kékeré, ìwé nìkan ni wọ́n mọ̀. Eré tí ìyá mi kọ́ mi ní Ẹ̀pẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, àti èyí tí mo lọ ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin ní Ìwáyà. Bọ̀dá yín ló ní kí n kó o jọ, kí àwọn tíṣà lè máa fi kọ́ ọmọ."

Mo ní, "Ṣé o wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pín in?"

"Ibo ni mo fẹ́ lọ? Mo wà ní igun ibẹ̀ yẹn."

"Kí ló wá dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

Ó wò mí bí ẹni wo ọmọdé. Ó ní, "Níbi ìpín ogún? Èmi opó?"

Mojísọ́lá, gbọ́ mi. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé ìyàwó kì í sí lára àwọn tó ń pín ogún ọkọ, pé opó kì í lóhùn níbẹ̀. Mi ò wo abẹ́ ọ̀rọ̀ náà rí. Wọ́n jókòó síwájú obìnrin tó wà láàyè, wọ́n wẹ ọwọ́ wọn, wọ́n pín iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lójú rẹ̀ bí ogún òkú, wọ́n sì kí ara wọn pé kò sí ìrẹ́jẹ! Èmi náà ń pariwo kiri láti Ẹtì, nítorí òkú ni mo ṣe ń bínú, mi ò rántí ẹni tó wà láàyè. Ìwọ ńkọ́? O wọ ilé yẹn ní Sátidé! Ó sọ fún mi. O dúró, o bèèrè àpótí, ó ní wọ́n ti pín ohun inú rẹ̀, o sáré jáde. Ó bu omi fún ọ, o ò mu ún. Ẹni tó kọ ìwé tí o ń wá káàkiri Lagos ló gbé omi dání níwájú rẹ. Kò bínú o. Ó ní, "Ó ń kánjú ni. Ó ti dàgbà, ó lẹ́wà." Ibẹ̀ ni mo ti sunkún.

Mo bi í pé kí ló fẹ́ ká ṣe. Ó ní, "Mi ò fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo kàn fẹ́ kó pé lójú mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ku eré kan tí a ò tíì kọ kí wọ́n tó kú. Mo fẹ́ parí rẹ̀."

Nítorí náà, gbàgbé bí mo ṣe tò ó lókè yẹn. Kí o tó dé Tejúoṣó, kí o tó dé Ìwáyà, ilé rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ lọ. Wọ́n á sọ fún ọ pé ọmọ ilé kì í kúnlẹ̀ fún ìyàwó ilé bẹ́ẹ̀. Ìwọ ṣáà kúnlẹ̀, kí o sì mu omi tó bá gbé fún ọ. Mo ti fi àpò ìrọ̀rí mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìpín tèmi ti padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Lọ́jọ́ tí ẹbí bá pé, òun ni kó kà á, kì í ṣe ìwọ. Kó má sì jókòó sí igun. Èmi fúnra mi á gbé àga rẹ̀ sáàárín, kí n rí ẹni tó máa ní kó dìde. Ọ̀rọ̀ náà á ya Bàbá Ìwáyà lẹ́nu ju bó ṣe yà mí lọ, nítorí ọkùnrin tó kórìíra ìrẹ́jẹ ni wọ́n lóòótọ́. Mo tiẹ̀ ti ń ṣàánú wọn kí ọjọ́ náà tó dé.

Ó wá ku ohun kan, òun sì ni mo fi bẹ̀ ọ́ jù. Nígbà tí ìwé náà bá dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n á ní kí o kọ orúkọ sára àpótí. Iṣẹ́ rẹ nìyẹn. Wọ́n á ní kí o kọ orúkọ Bàbá Yaba. Kọ ọ́, kò burú, èrò Bọ̀dá ni ìwé náà. Lẹ́yìn náà, kọ ti Ìyàwó mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ní orúkọ pírínsípà nìkan ni àwọn fẹ́, sọ fún wọn pé kí wọ́n wá ẹlòmíì, kí o máa bọ̀ nílé. Mo mọ bí iṣẹ́ náà ṣe dùn mọ́ ọ tó. Bọ̀ nílé síbẹ̀síbẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ń bẹ, a jọ máa rán aṣọ.

Mo bi í pé báwo ni kí o ṣe kọ orúkọ náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ní kó kọ Ìyàwó." Mo ní rárá o. Ojú tì mí, Àbẹ̀kẹ́, nítorí ó di dandan kí n bi í. Ọjọ́ tí wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo gbọ́ ọ kẹ́yìn lẹ́nu àlùfáà, ẹnikẹ́ni nínú wa ò sì pè é mọ́ láti ọjọ́ náà.

Fẹlísíà Àìná ni orúkọ rẹ̀. Kọ ọ́ gàdàgbà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.